Fíìmù Tí Kò Yí ní Ìwéré-Ilé

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbé fóònù sílẹ̀ díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan bọ́ sí mi létí láàárọ̀ yìí nígbà tí ẹ ń bá ọkọ ìyàwó yẹn dúnàádúrà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ní, "Ẹ má ṣèyọnu, bí kò bá dáa, a ó tún un yà." Ẹ sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òun yóò tún omi bù nínú ìkòkò. Mi ò bá yín wí. Òtítọ́ lẹ sọ, ayé yín nìyẹn. Ṣùgbọ́n àyà mi já nígbà tí mo gbọ́ ọ, nítorí ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣe iṣẹ́ yìí, ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lẹ́nu wa.

Àwòrán mẹ́rìndínlógójì ló wà nínú fíìmù kan. Bí ìka rẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó ti lọ. O ò lè wò ó, o ò lè pa á rẹ́, o ò sì ní mọ̀ bóyá ó dára títí o ó fi délé, tí o ó ti ilẹ̀kùn yàrá òkùnkùn mọ́ ara rẹ, tí o ó máa mi abọ́ omi fọ́tò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, tí ojú èèyàn á sì máa yọ díẹ̀díẹ̀ nínú omi. Ẹyin lohùn, wọ́n ní bó bá balẹ̀ kì í ṣe é kó. Ẹyin ni fíìmù náà.

Ní Ṣakí níbí, kí ilé tí ẹ fi gíláàsì ṣe yìí tó dé, ṣọ́ọ̀bù onípákó ni mo ní. Aṣọ ńlá kan wà lára ògiri tí wọ́n ya òkun àti ọkọ̀ òfuurufú sí. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó dúró níwájú òkun yẹn kò rí òkun rí títí wọ́n fi kú. Bí Iléyá bá dé, tí wọ́n bá ti ń bọ̀ láti yídì, ẹsẹ̀ ò ní gbèrò nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Aṣọ tuntun ń dún ṣiọ̀ṣiọ̀, òórùn lọ́fínńdà gba gbogbo ibẹ̀, àwọn ọmọ kéékèèké ń sunkún nítorí bàtà tuntun ń há wọn lẹ́sẹ̀. Lónìí, inú ilé ni kálukú ti ń ya ara rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún, tí yóò sì ti fi ránṣẹ́ sí Èkó kí ẹran tó jiná.

Ohùn kan sì wà tí ẹ̀yin ò mọ̀: ohùn fíìmù nígbà tí a bá fà á, kírírí, bí eku tó ń jẹ àgbàdo gbígbẹ. Mo máa ń gbọ́ ọ lójú àlá. Nígbà kan ní Tẹ̀dé, wọ́n to àgbà méje sórí bẹ́ǹṣì kan fún mi. Mo ní kí wọ́n sún mọ́ra. Wọ́n sún mọ́ra, bẹ́ǹṣì sì kán, ìyá ìyàwó ṣubú lé àna rẹ̀ lórí. Gbogbo èrò ń rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, nítorí ìka mi ti tẹ̀ ẹ́. Ó ku márùndínlógójì.

Nítorí náà, bí wọ́n bá gbé ìgbéyàwó fún mi, n kì í dúró de ọjọ́ náà. Bó bá ku ọjọ́ mẹ́ta, màá lọ sí ilé ìyàwó, màá jókòó, màá jẹ ohun tí wọ́n bá gbé kalẹ̀, màá sì rọra béèrè ọ̀rọ̀. Ta ni kò gbọ́dọ̀ dúró ti ta ni? Ìyàwó wo nínú àwọn ìyàwó baálé ló máa bínú bí mi ò bá yà á? Ta ni ara rẹ̀ ò le, tí màá kọ́kọ́ yà kó lè lọ sinmi? Ẹ̀yin ń béèrè irú àwọ̀ tí wọ́n fẹ́ àti orí àpáta tí wọn yóò gùn. Ó dáa. Ṣùgbọ́n èèyàn ni ẹ ń yà, ẹ kọ́kọ́ mọ èèyàn.

Irú ìbẹ̀wò bẹ́ẹ̀ ló gbé mi dé ilé Rùkáyá ní Ìwéré-Ilé. Rùkáyá ni ìyàwó. Ọkọ rẹ̀, Múfútáù, jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń ta aṣọ ní Ìjió. Bàbá Rùkáyá jẹ́ àgbẹ̀ tábà, ọkùnrin tí wọ́n ní ó máa ń dá oko ẹni mẹ́ta nígbà tí agbára wà. Orí ẹní ni mo bá a. Inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu láti ìgbà ọyẹ́, kò sì sí ibi tí wọn ò gbé e dé. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Ìyá Sùlè, ló ń tọ́jú rẹ̀.

Bàbá bi mí pé, "Ìwọ ni onífọ́tò?"

"Èmi ni, bàbá."

"Mi ò ya fọ́tò rí láyé mi. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni màá yà á, èmi àti Rùkáyá."

Mo ní kò sí ìyọnu. Ó gbé ọwọ́ sókè pé òun ò tí ì parí. "Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí Rùkáyá ò tí ì pé ogójì ọjọ́. Kò mọ ojú ìyá rẹ̀, kò sì sí bébà kankan tí mo lè nà sí i. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọmọ tí yóò bí bi í pé báwo ni bàbá rẹ ṣe rí, kó máa fi ẹnu júwe. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, táyà ọkọ̀ tó gbé mi láti Ṣakí jò lójú ọ̀nà. Nígbà tí mo máa wọ Ìwéré-Ilé, àwọn àáfà ti jókòó, ẹnì kan sì ti ń pariwo pé onífọ́tò dà. Abẹ́ igi kájú kan ni mo dúró sí, tí mo sáré ki fíìmù bọ kámẹ́rà. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ẹ ò ki fíìmù rí. Ó ní ahọ́n kan tí a ó fi há ara irin róbótó kan. Bó bá há dáadáa, bí o bá ṣe ń fà á, etí kékeré kan lápá òsì orí kámẹ́rà á máa yí. Ọ̀gá mi ní Ìsẹ́yìn máa ń sọ ọ́ bí àdúrà: "Máa wo etí rẹ̀. Bí etí ò bá yí, kámẹ́rà ò jẹun, afẹ́fẹ́ lò ń yà." Mo ti sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tèmi náà láìmọye ìgbà. Lọ́jọ́ yẹn, mi ò wo etí.

Mo ya ìgbà tí wọ́n so yìgì. Mo ya Rùkáyá lórí ìkúnlẹ̀, omi lójú rẹ̀. Mo ya àwọn ará Ìjió pẹ̀lú ẹrù ìyàwó. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọkùnrin méjì gbé bàbá jáde lórí àga. Wọ́n ti wọ̀ ọ́ láṣọ, ṣùgbọ́n bí ẹni pé wọ́n fi agbádá kọ́ igi ni. Mo ní kó jókòó, kí ọmọ dúró tì í. Ó kọ̀. Ó ní kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ẹsẹ̀ ara òun lòun yóò fi dúró. Ó dúró. Ó di èjìká Rùkáyá mú, mo sì rí bí ṣòkòtò rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n lójú orúnkún. Mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Ó bi mí pé, "Ó ti wọlé?"

Mo ní, "Ó ti wọlé, bàbá."

Wọ́n gbé e padà sínú ilé. Ó ti rẹ̀ ẹ́ gan-an.

Àwọn èèyàn ń jó, mo ń yà. Kámẹ́rà ka mẹ́rìndínlógójì. Mo fà á kó dúró, bó ṣe yẹ kó dúró nígbà tí fíìmù bá tán. Kò dúró. Mo tún tẹ̀ ẹ́, mo tún fà á, ó tún gbà. Ìgbà yẹn ni mo wo etí rẹ̀. Mo fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mo ń wò ó. Kò yí. Ó dúró gbári bí òkúta.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ìlù ń dún, mi ò gbọ́ ọ mọ́. Mo gba ẹ̀yìn ilé lọ, mo fi aṣọ bo kámẹ́rà, mo ṣí i. Ahọ́n fíìmù náà wà níbi tí mo fi í sí lábẹ́ igi kájú, kò há, kò rìn tó ìbú ìka kan. Kò sí yìgì. Kò sí ìkúnlẹ̀. Kò sí bàbá tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró.

Ọ̀nà àbáyọ wà. Gbogbo àwa onífọ́tò ayé ìgbà yẹn la mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, o ó padà wá pẹ̀lú ojú rírẹ̀wẹ̀sì, o ó ní iná wọ fíìmù, pé ó jóná. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó túmọ̀ sí, kò sẹ́ni tó lè bá ọ jiyàn. Wọn á ní àmúwá Ọlọ́run ni. Ọ̀gá mi tó ń kọ́ mi bí àdúrà pé kí n wo etí, òun náà ló kọ́ mi ní irọ́ yìí. Mo dúró lẹ́yìn ilé yẹn, mo ti ń tò ó lẹ́nu. Ohun tí kò jẹ́ kó tò ni pé bàbá yẹn bi mí léèrè, mo sì dá a lóhùn. Ó ní ṣé ó ti wọlé, mo ní ó ti wọlé. Ìyẹn nìkan ti di irọ́ láìmọ̀. Bí mo bá tún fi ọ̀kan tí mo mọ̀ lé e, ṣé onífọ́tò ni mí tàbí olè?

Mo ki fíìmù náà padà. Mo fà á, etí yí. Mo lọ bá Rùkáyá àti ọkọ rẹ̀.

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tó le. Fíìmù ò há. Gbogbo ohun tí mo yà láti àárọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀bi mi ni."

Múfútáù ní, "Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Rùkáyá ò béèrè yìgì. Ó ní, "Ti bàbá mi ńkọ́?" Mo mi orí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú aṣọ ìyàwó lọ́rùn.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ya bàbá àti ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ. Ariwo bẹ́ sílẹ̀. Àbúrò bàbá Múfútáù, tó ṣáájú àwọn ará Ìjió, nawọ́ sí ojú ọ̀run. Òjò ti ṣú dúdú lápá ọ̀nà ilé wọn, odò kan sì wà lọ́nà tó jẹ́ pé bó bá kún, ọkọ̀ ò ní lè kọjá. Ó ní, "Ìyàwó ti dìde. Ìyàwó kì í dìde kó tún padà wọ ilé bàbá rẹ̀." Ìyá Sùlè dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó na ọwọ́ méjèèjì dí i. Ó ní, "Ẹ ò ní gbé àbúrò mi jáde lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ fẹ́ kó kú lójú agbo ni?"

Mo ní, "Ẹ má gbé e jáde, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n wọlé tọ̀ ọ́."

Múfútáù ló yanjú ẹ̀. Ó kọjú sí àbúrò bàbá rẹ̀, ohùn rẹ̀ ò ga. Ó ní, "Bàbá, mo ti dúró de Rùkáyá fún ìkórè méjì. Ìdajì wákàtí ò ní pa mí. Bí odò bá kún, ẹ jẹ́ ká sùn sí etí odò." Ìyá Sùlè wò ó, ó wo Rùkáyá nílẹ̀, ó sì sọ ọwọ́ kan kalẹ̀.

Yàrá náà ṣókùnkùn bí inú ìkòkò. Fèrèsé kan ṣoṣo ló ní, kékeré. Bàbá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ là, ó ti gbọ́ gbogbo ariwo wa. Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀.

Ó ní, "O sọ fún mi pé ó ti wọlé."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀, bàbá. Kò wọlé. Èmi ni mo ṣe é, kì í ṣe kámẹ́rà."

Ó yíjú wò mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹlòmíràn ì bá ti lọ." Ó ní kí wọ́n fi ìrọ̀rí ti òun lẹ́yìn.

Bátìrì iná kámẹ́rà mi ti kú. Oòrùn nìkan ló kù, òjò sì ń bọ̀ wá bò ó. Mo rí páànù tuntun kan tí wọ́n fẹ́ fi kan ilé, mo ní kí Múfútáù àti ẹnì kan gbé e síta, kí wọ́n fi ta ìmọ́lẹ̀ oòrùn wọlé láti ojú fèrèsé. Mo dojú odó kan délẹ̀, mo gbé kámẹ́rà lé e kó má baà gbọ̀n. Mo ní bí mo bá ti sọ pé ó yá, kí bàbá má mí títí màá fi kà dé ẹ̀ta. Rùkáyá jókòó tì í, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

Àwọsánmà bo oòrùn. A dúró. Awakọ̀ ń fun fèrè níta. A dúró. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sílẹ̀ lójijì, ó gbá àwọn méjèèjì lójú, mo ní ó yá. Bàbá wúkọ́. Mo tún un ṣe. Fèrè ọkọ̀ dún, Rùkáyá ṣíjú wo ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀ẹ̀kan péré sí i." Ìkẹta, bàbá ò wo kámẹ́rà rárá. Ọmọ rẹ̀ ló yíjú sí, ó ń wò ó. Mo fẹ́ sọ pé kó wo ọ̀dọ̀ mi, ìka mi ti tẹ̀ ẹ́. Ìmọ́lẹ̀ sì lọ. Kò padà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Wọ́n la odò náà kọjá kó tó kún, mo gbọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi fi ọ̀rá wé fíìmù náà, mo so ó mọ́ abẹ́ aṣọ mi dé Ṣakí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì ni mo fọ̀ ọ́. Àkọ́kọ́ ti rú, ojú bàbá di èéfín. Ìkejì, ojú Rùkáyá ò sí. Ìkẹta mọ́ kedere, ó mọ́ débi pé o lè ka irùngbọ̀n bàbá lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo gbé e lọ sí Ìwéré-Ilé. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó wò ó, ó gbé e súnmọ́ ojú, ó tún wò ó.

Ó ní, "Ta ni arúgbó yìí?"

Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà. Mo wo ojú rẹ̀, kì í ṣe àwàdà. Láti ìgbà tó ti ń ṣàìsàn, kò rí ara rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kí dígí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, gbogbo wọn ló sì ń sọ fún un pé ara rẹ̀ ti ń mókun. Ìyá Sùlè tètè fèsì. Ó ní, "Fọ́tò kì í mú èèyàn bó ṣe rí. Ó máa ń mú kí èèyàn rù." Ó kọjú sí mi. "Àbí irọ́ ni mo pa, onífọ́tò?"

Bàbá ní, "Òun ni mò ń bi. Ṣé bí mo ṣe rí nìyí?"

Mo wo ìyá náà. Ojú rẹ̀ ń bẹ̀ mí. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn láti máa fi fóònù yọ egbò kúrò lójú èèyàn, tí ẹ ń mú kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó ti rù kún, ẹ wò ó bó bá jẹ́ ẹ̀yin. Mi ò mọ̀ bóyá ohun tí mo ṣe tọ́. Mo kàn mọ̀ pé mo ti sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin yẹn rí, inú ilé yẹn kan náà ni.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Bí ẹ ṣe rí nìyẹn."

Ó gbé fọ́tò náà lé àyà. Kò sunkún. Ó ní, "Ẹ ránṣẹ́ pe Rùkáyá."

Ìyá Sùlè ní ìyàwó tí kò tí ì lo ọjọ́ méje nílé ọkọ, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ pè é padà. Bàbá ò jiyàn. Ó tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo jáde, ìyá náà tẹ̀ lé mi dé ẹnu títì. Ó ní, "Bí ohunkóhun bá ṣe é, ìwọ lo fi bébà pa á. Lọ." Mo wọ ọkọ̀.

Bàbá lo ọjọ́ méjìlá sí i. Mo gbọ́ pé ó ti kú. Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ń dún sí mi létí nínú yàrá òkùnkùn, mo sì ba iṣẹ́ ẹni méjì jẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Ìyàwó mi ní kí n má lọ síbi fídáù, pé wọ́n lè lù mí. Mo lọ. Ẹ̀yìn gbogbo èrò ni mo dúró sí, lẹ́bàá ọgbà, mi ò jókòó.

Rùkáyá rí mi. Ó kọjá láàárín àwọn àáfà wá, ó kúnlẹ̀ kí mi. Ojú rẹ̀ ti wú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo gbọ́ ohun tí ìyá wa sọ fún yín. Ẹ má fi sínú. Ọjọ́ mọ́kànlá ni mo fi bu omi fún bàbá mi mu, tí mo fi ń wẹ̀ ẹ́, tí a fi ń sọ̀rọ̀. Ká ní ẹ ti sọ fún un pé ara rẹ̀ yá, Ìjió ni wọn ì bá ti wá túfọ̀ rẹ̀ fún mi."

Ìyá Sùlè ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà. Ó wọlé lọ. Mo ti múra láti máa lọ nígbà tó jáde padà, àga kan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba àárín àwọn èèyàn kọjá, ó gbé e kalẹ̀ níwájú mi, ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún.

Mo jókòó.